Páìpù Omi Tó Gba Ojú Ilẹ̀ Tó Là Kọjá

Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì ní Ẹdẹ, aṣọ ilé-ìwé ni mò ń gé lórí tábìlì nínú pálọ̀. Mo ti fa ìlà èjìká tán, mo ń fa ti abẹ́ apá lọ́wọ́, ni ṣọ́ọ̀kì yọ̀ kúrò lójú ìlà. Mo rò pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí abọ́ ń kọlu abọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí ọmọrí ìkòkò sì ń ta pọ́ún pọ́ún lórí ìkòkò. Kò pẹ́ rárá. Kí ènìyàn tó ka àdúrà Olúwa dé ìdajì, ó ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n mo ti sáré dé ìta, mo ti gbé ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn kúrò nídìí ògiri níbi tó ti ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré, ó sì ti ń sunkún pé mo ba ọbẹ̀ tí òun ń sè jẹ́.

Gbogbo àdúgbò ti jáde. Ìyá tó ni ẹ̀rọ ìlọta ní òdìkejì títì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́rọ, dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú ata lọ́wọ́.

"Ọkọ̀ ojú irin ni," ó ní.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ, ọkọ̀ ojú irin wo? Ṣé ẹ gbọ́ fèrè rẹ̀ ni?"

"Bóyá fèrè náà ti bàjẹ́. Kí ló kù tí kò tíì bàjẹ́ nílùú yìí?"

A rẹ́rìn-ín. Àsìkò ìjọba ológun ni, àsìkò tí wọ́n ní kí gbogbo wa fún ìgbànú wa le. Ọṣẹ wọ́n, mílíìkì wọ́n, ṣúgà di ohun tí à ń tò fún lórí ìlà, tí sójà sì ń dúró tì wá pẹ̀lú kóbókò. Ẹni tó bá rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín nígbà náà, kó yáa rín in. Ní alẹ́, ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Awo, gbé etí sí rédíò. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn tó ń ba nǹkan ìjọba jẹ́. Wọ́n sọ ibi tí gómìnà ológun lọ. Wọn kò mẹ́nu kan ilẹ̀.

"Bí rédíò kò bá ti sọ ọ́, kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn," ni ọkọ mi wí, ó sì pa rédíò kí bátìrì má baà tán.

Ṣùgbọ́n ògiri ilé wa ti sán. Mo fi téèpù ìránṣọ wọn ojú sísán náà láti ìsàlẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó parí sí, kí n lè mọ̀ bó bá tún gùn sí i. Bí ìwà mi ṣe rí nìyẹn. Mo ka ìwé dé ìparí girama, mo kọ́ iṣẹ́ aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì kọ́ mi pé ohun tí ènìyàn kò bá wọ̀n kò tíì mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ilé tiwa nìkan ló sán. Bí mo ṣe ń rìn lọ sí ìsàlẹ̀, mo rí i pé ògiri ilé mẹ́ta ló là, ojú lílà náà sì tò lé ara wọn bí ojú rírán aṣọ, ó gba ẹ̀yìn ilé wa, ó dá títì kọjá, ó lọ sápá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, níbi tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí.

Abẹ́ títì yẹn gan-an ni páìpù omi ńlá gbà. Nígbà tí owó epo ṣì ń wọlé ni wọ́n rì í, kí àwọn ológun tó dé. Láti ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ló ti ń bọ̀, ó gba iwájú ilé wa, ó sì lọ sí apá ọ̀nà Ara. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti fa páìpù kéékèèké wọ inú àgbàlá oníkálukú. Mo rántí bí a ṣe yọ̀ nígbà tí wọ́n fa tiwa. Ìyá ọkọ mi fọwọ́ gbá ẹnu ẹ̀rọ náà, ó súre fún un bí ẹni ń súre fún ìyàwó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ilẹ̀ ibi tí ojú lílà yẹn ti pàdé páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Kò pẹ́ tí omi fi yọ lójú ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń tú omi, ó ń sun bí ìsun. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ṣeré nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà Ìyá Ẹlẹ́rọ gbẹ́ eteetí rẹ̀ fẹ̀, ó fi òkúta yí i ká, ó sì gbé igbá sí i. Ó di adágún kékeré. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ nílé ń pọn níbẹ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ náà ń pọn níbẹ̀, nítorí ẹ̀rọ wa kì í yọ lójoojúmọ́ mọ́. Wọ́n ní kò sí dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ wọn yóò fi gbé omi sókè. Ọjọ́ kan omi á dé, ọjọ́ mélòó kan ẹnu ẹ̀rọ á gbẹ. Ṣùgbọ́n adágún kì í gbẹ tán. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un.

Ọkọ mi lọ sọ fún ọ́fíìsì omi. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ kò fún un ní àga.

"Páìpù ti là ní àdúgbò yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì."

"Ilẹ̀ wo ló mì? Tíṣà, ilẹ̀ kì í mì ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin ará ibẹ̀ lẹ gbẹ́ ilẹ̀, tí ẹ fi ọkọ́ ṣá páìpù. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìjọba yìí ń pe ìyẹn? Ẹ gbọ́ rédíò?"

Ọkọ mi padà wálé, ó rò ó fún mi. Ó bí mi nínú débi pé mo yọ abẹ́rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ ìránṣọ mi kí n má baà fi gún ara mi. A lọ sọ fún wọn pé nǹkan wọn bàjẹ́, wọ́n sọ wá di ọ̀daràn. Nígbà tí wọ́n wá tún un ṣe, wọ́n mú ọlọ́pàá kan dání. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n fi símẹ́ǹtì bo oríkèé páìpù náà, ibi tí ọ̀kan ti wọnú èkejì, dáadáa, ó nípọn tó ìbú ọwọ́ méjì, wọ́n sì wí pé ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ ń wá.

Ilẹ̀ tún mì díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò tó ti àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀. Àmì ṣọ́ọ̀kì tí mo fi sí ògiri ló sọ fún mi: ojú sísán ti kọjá rẹ̀. Símẹ́ǹtì tí wọ́n dà kò sì ṣí kúrò níbi tó wà. Oríkèé tó kàn án ló yọ. Omi tún sun, adágún tún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọ́n.

Mo ní láti sọ ohun kan tí ẹni tí kò bá gbé àárín wa lákòókò náà lè má mọ̀. Omi kànga ni à ń sè. Omi odò ni à ń fi álọ́ọ̀mù sí kó lè tòrò. Omi ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó ń sè é. Orúkọ rẹ̀ ni omi ẹ̀rọ, òyìnbó ló kọ́ wa bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, ìjọba ló fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń se omi ẹ̀rọ dà bí ẹni tó ń fọ ọṣẹ. Èmi tí mo máa ń fi omi gbígbóná ṣan ṣíbí ọmọ mi, tí n kì í jẹ́ kó fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, omi ẹ̀rọ ni mo ń bù fún un tààrà. Wolé-wolé náà, tí wọ́n máa ń wọlé wá wo ìkòkò omi wa bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń dá wa lẹ́bi bí a kò bá dé e, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé omi ẹ̀rọ ni, wọ́n á kọjá lọ. Wọ́n ń rìn yí adágún náà po kí bàtà wọn má baà tutù.

Ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọbìnrin mi. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí ojú rẹ̀ fi wọnú. Mo gbé e pọ̀n, mo sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kò ní oògùn kankan, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní àpòpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ìyá nígbà náà. "Omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣe é o," ó ní. Mo dáhùn pé omi ẹ̀rọ ni tiwa. Ó ní ó dáa. Mo délé, mo wọn iyọ̀, mo wọn ṣúgà tí mo tò fún, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ rẹ́ orí ṣíbí kó tẹ́jú, kó má baà lé, mo sì fi omi ẹ̀rọ pò ó. Mo ń fún un ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ara rẹ̀ yá, ó tún ṣubú. Mo ń fi àánú fún ọmọ mi ní ohun tó ń ṣe é, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ tó sọ fún mi.

Nígbà kejì tí mo gbé e lọ, nọ́ọ̀sì náà gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó wò ó pẹ́.

"Ìyá rẹ̀, ọmọ yìí kò ní agbára mọ́ o. Bí èyí bá tún mú un lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò lè ṣèlérí."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọmọ-ọmọ Ìyá Ẹlẹ́rọ kú. Ọmọ ọwọ́ ni, kò tíì lè jókòó dáadáa. Ìyá náà ti ẹ̀rọ ata rẹ̀ pa.

Láti ọjọ́ náà n kò ránṣọ mọ́ bí ènìyàn gidi. Mò ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mò ń wo gbogbo ohun tó ń wọ ẹnu ọmọ mi, mo sì ń wo ibi tí ó ti wá. Bí mo ṣe rí i nìyẹn. Omi dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, adágún kún, ó ń ṣàn sí ojú títì. Ewúrẹ́ mu níbẹ̀, ẹnìkan fọ aṣọ ìdí ọmọ létí rẹ̀, omi ìdọ̀tí láti ilé ìsàlẹ̀ náà sì ń darí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti omi, tí ẹnu ẹ̀rọ àgbàlá wa bẹ̀rẹ̀ sí í fọn atẹ́gùn, mo rí adágún náà tí ó ń lọ sílẹ̀. Kò ṣàn lọ síbì kankan. Ó ń wọlẹ̀. Ó ń dún kùlù kùlù bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fa omi. Páìpù ló ń fà á padà sínú. Nígbà tí omi tún dé, ẹ̀rọ ilé wa ni mo kọ́kọ́ ṣí, mo gbé abọ́ funfun sí i. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ní àwọ̀ tíì, ìgbẹ́ ewúrẹ́ kan sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, odidi.

Mo pe ọkọ mi, mo fi hàn án. Mo pe ará ilé tó tẹ̀lé tiwa. Láti ọjọ́ náà gbogbo omi tó wọ ilé wa di sísè, títí kan èyí tí a fi ń fọ ẹnu. Karosíìnì kò sí, igi ni mo ń ṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ mí lórúkọ.

"Asè-omi, ṣé ó ti jinná?"

"Ẹ fi iyọ̀ sí i, màmá, kó dùn."

"Ẹ má da ìyá aránṣọ láàmú. Omi ẹ̀rọ tiwọn ní egungun nínú."

Mo fara dà á. Ṣùgbọ́n mo wò ó pé èmi nìkan ò lè ṣọ́ ọmọ kan. Ọmọ tó ti lè rìn yóò wọ ilé onílé, wọ́n á bu omi fún un nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé kó má fún ọmọ mi lómi? Gbogbo àdúgbò ló gbọ́dọ̀ gbọ́, ọ́fíìsì omi ló sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi ń rẹ́rìn-ín.

Mo lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn títí òòrùn fi yí kúrò lójú fèrèsé kan bọ́ sí èkejì. Akọ̀wé ní ẹnjiníà tí mo fẹ́ rí kò ráyè. Mo ní mo ráyè, mo sì gbé oúnjẹ dání. Nígbà tí ẹnjiníà jáde, ọ̀dọ́kùnrin ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tó bá pọ̀ tán, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbó lọ́rùn ṣùgbọ́n wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo kí i, mo sọ ohun tí mo rí lẹ́sẹẹsẹ. Kò jiyàn. Ìyẹn ló kọ́kọ́ fu mí lára. Ó kàn ń wo ilẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Èmi fúnra mi ń bọ̀ wá bá àdúgbò sọ̀rọ̀. Kí ọkàn yín balẹ̀."

Ó wá lóòótọ́. Ó dé pẹ̀lú dírẹ́bà nínú ọkọ̀ fáànù ọ́fíìsì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni a kó bẹ́ǹṣì sí, nítorí pé èmi ni mo pè é. Àwọn ará àdúgbò jókòó, Ìyá Ẹlẹ́rọ náà wá, ó fi gèlè dúdú wé orí. Ẹnjiníà dìde, ó dúpẹ́, ó ní ọ́fíìsì ti yẹ omi wò, ó ní omi náà mọ́, kí àwọn ènìyàn má gba àhesọ gbọ́, kí a sì ran ìjọba lọ́wọ́ nípa ṣíṣọ́ páìpù. Bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ fún un ló ṣe sọ ọ́.

Mo wọlé lọ bu omi fún un. Àlejò kì í wá sílé mi kí n má fún un lómi, ì báà ṣe ọ̀tá. N kò bu èyí tí mo ti sè; ó ti ní omi ẹ̀rọ mọ́, mo ṣí ẹ̀rọ, mo bù ú sínú gíláàsì, mo gbé e sórí àwo, mo gbé e jáde, mo kúnlẹ̀, mo nà án sí i. Ó gbà á. Ó ń dúró. Gbogbo wọn ń dúró. N kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè, àfi ìgbà tí Ìyá Ẹlẹ́rọ sọ̀rọ̀.

"Ìyá aránṣọ, ẹ ò tọ́ omi wò fún àlejò."

Òtítọ́ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé ẹni tó gbé omi wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí àlejò lè mu ún pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. N kò gbàgbé irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ mi kàn kọ̀ láti gbé e sí ẹnu ni.

"Mo jẹ̀bi o," mo ní. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni omi yìí. Omi ọ́fíìsì wọn ni. Ẹni tó ni omi ló ń tọ́ ọ wò. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá wa tọ́ ọ wò."

Ó gbé gíláàsì náà sókè. Ó dé ẹnu rẹ̀. Mo rí i tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbéra bí ẹni tó fẹ́ gbé e mì, kò sì tíì sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e padà sórí àwo.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì."

"Ẹ mu díẹ̀, ọmọ mi," ni Ìyá Ẹlẹ́rọ wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Omi ẹ̀rọ ni. Òun náà ni ọmọ-ọmọ mi mu."

Dírẹ́bà tó wà nínú fáànù pa ẹ̀rọ ọkọ̀. Ẹnjiníà jókòó, ó fọwọ́ nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó yẹ kó ti sọ láti oṣù tó ti kọjá.

Ó ní abẹ́ ilẹ̀ wa kì í ṣe ohun kan náà. Ní apá tiwa, àpáta ni, ní apá ibi tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́, ilẹ̀ rírọ̀ ló jìn lọ. Láàárín méjèèjì, ilẹ̀ ti là láti ìgbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Ẹdẹ dó. Bí ilẹ̀ bá mì, apá méjèèjì kì í gbọ̀n bákan náà, ọ̀kan lè sún díẹ̀ kí èkejì má sún. Páìpù tó bá dùbúlẹ̀ lórí ojú lílà bẹ́ẹ̀ dà bí okùn tí ènìyàn méjì ń fà. Páìpù irin tó dára lè tẹ̀ díẹ̀. Tiwa kì í ṣe irin, símẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe é, kì í tẹ̀, oríkèé rẹ̀ ló ń yọ.

"Símẹ́ǹtì tí ẹ wá dà sí i ńkọ́?" ni ọkọ mi bi í.

"Ìyẹn ló tún burú jù, tíṣà. Ibi tí a dì mú kò lè sún, ó wá yọ ní ibi tó kàn."

Ó yé mi. Mo ti rán aṣọ rí fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ agbára, mo mọ̀ pé bí a kò bá fi àyè sí abẹ́ apá, a lè fi òwú rán an lẹ́ẹ̀mẹwàá, yóò ya. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n ti mọ̀ pé ilẹ̀ là. Ó ní wọ́n ń lo oríkèé gígùn tó lè fà, kó sì sún padà, wọ́n ń gbẹ́ kòtò tó fẹ̀, wọ́n ń kó iyanrìn sí i kí páìpù lè rí àyè, wọ́n sì ń fi fáàfù sí ìhà méjèèjì kí wọ́n lè ti omi kíá bí ó bá já.

"Ẹ mọ èyí kí ẹ tó wá da símẹ́ǹtì?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ fún àwọn tó wà lókè. Wọ́n ní kò sí owó òkèèrè tí a ó fi ra oríkèé bẹ́ẹ̀, láísẹ́ǹsì láti kó ọjà wọlé kò jáde. Wọ́n sì ní kí n yọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mímì kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ̀rù má baà ba ará ìlú."

Títí di òní, ìdáhùn yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ilẹ̀ mì, ta ni mo fẹ́ bá jà sí i? Owó òkèèrè kò sí, mo gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí. Ṣùgbọ́n "ẹ se omi yín" kò gba owó òkèèrè. Kò gba láísẹ́ǹsì. Gbólóhùn kan ni. Alágogo lè kéde rẹ̀ láàárọ̀ kan yí gbogbo Ẹdẹ po, àlùfáà lè kà á lẹ́yìn ìwàásù, lemọ́ọ̀mù lè sọ ọ́ lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀. Wọ́n fi í pamọ́ kí ẹ̀rù má baà bà wá. Ìjọba tó ń fi kóbókò na ènìyàn lórí ìlà ṣúgà, ojoojúmọ́ ló ń dẹ́rù bà wá, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀rù ìbá gba ọmọ là.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún un. N kò pariwo. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí, mà." Mo ní kì í ṣe èmi ló yẹ kó wí i fún, mo sì fojú fi Ìyá Ẹlẹ́rọ hàn án. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá náà pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí wọ́n lọ̀. Ìyá náà kò sọ pé kó dìde, kò sì sọ pé kó má dìde. Ó kàn tún gèlè rẹ̀ wé.

Kí ó tó lọ, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ fáànù.

"Fáàfù kan wà lókè, kí páìpù tó dé ojú lílà. Mo lè tì í. Adágún á gbẹ, kò sí ohun tí páìpù á fà padà. Ṣùgbọ́n omi kò ní yọ ní àdúgbò yín mọ́ títí wọn yóò fi rí oríkèé náà rà, mi ò sì mọ ìgbà."

"Ẹ tì í."

"Ẹ má sọ pé èmi ni o."

"Ta ni mà á ní ó tì í?"

"Ẹ sọ ohun tó bá wù yín," ó ní, ó sì wọ ọkọ̀.

Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n tì í. Òtítọ́ náà sì ni.

Ẹ̀rọ gbẹ. Adágún gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ là bí àwo amọ̀ tí iná pa. Nígbà náà ni àwọn tó ń pè mí ní Asè-omi rí ẹ̀sùn mìíràn kà sí mi lọ́rùn. Àwọn tó jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ mi, tí wọ́n rí i pé ẹnjiníà kò lè mu omi, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n ń sọ pé omi tó ń yọ ni èmi fi ẹnu gbà lọ́wọ́ àwọn. Ìyàwó ilé kan ní ọmọ mi nìkan kọ́ ni ọmọ. Mo dá a lóhùn pé ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tì í nìyẹn. Kò gbọ́ mi. Kànga tó sún mọ́ wa jù, ó jìnnà, ọ̀nà rẹ̀ sì ní òkúta. Lórí òkúta yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ru garawa, wọ́n sì ń bú mi.

Ìyá Ẹlẹ́rọ kò bá wọn sọ ọ́. Ó tún ẹ̀rọ ata rẹ̀ ṣí. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan ó ń kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú garawa tirẹ̀, a sì jọ ń lọ sí kànga. Lọ́jọ́ kan lọ́nà, ó bi mí léèrè bí mo ṣe ń mọ̀ pé omi ti hó tó. Mo ní kó jẹ́ kó yí lójú iná dáadáa, kó má gbé e sọ̀ ní kété tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ó ní òun ti gbọ́.

Ìgbẹ́ gbuuru kò mú ọmọbìnrin mi ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó sanra díẹ̀díẹ̀, ó tún padà sídìí ọbẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀.

Ìjọba ológun kan lọ, òmíràn dé, kí wọ́n tó wá tún páìpù náà ṣe. Mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì, mo jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan ni. Páìpù tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi ìka kàn án: símẹ́ǹtì ni, bíi ti ìjọsí. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ kò ju ìbú páìpù lọ. Kò sí iyanrìn. Mo bá ọ̀gá wọn, mo sọ fún un pé ilẹ̀ là níbẹ̀ yẹn, mo fi ìka tọ́ ọ láti ara ògiri wa dé ojú títì.

"Màmá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ilẹ̀ kì í mì ní Nàìjíríà."

"Ẹnjiníà yín kan wà tó mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n ti gbé ẹnjiníà yẹn lọ síbòmíràn. Ẹ jẹ́ ká ráyè ṣiṣẹ́, màmá. Ṣé ẹ ò fẹ́ omi ni?"

Wọ́n rì í, wọ́n fi ilẹ̀ bò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ náà omi yọ ní àgbàlá àwọn aládùúgbò wa, wọ́n ń hó, wọ́n ń fi garawa lu ilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà wá bá mi pé kí n jẹ́ kí wọ́n so tiwa mọ́ páìpù tuntun náà. Mo ní kí wọ́n kọjá lọ. Ọkọ mi fi igi dí ẹnu páìpù kékeré tó wọ àgbàlá wa, ó kàn án mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òkúta, èmi sì gbé garawa mi, mo jáde lọ sí kànga.